H. G. Wells: Ọmọ Ilé Ìdáná Abẹ́ Ilẹ̀ tí ó Di Òǹkọ̀wé

Lára àwọn ìwé ìtàn àròsọ tí ó dá lórí ayé ìkọ̀kọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìlú ńlá, òkìkí The Time Machine tí H. G. Wells kọ ní ọdún 1895 kò kéré rárá. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló gbà pé àròsọ pọ́ńbélé ni àwọn ẹ̀dá abẹ́ ilẹ̀ inú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tọpasẹ̀ ìgbésí ayé òǹkọ̀wé yìí yóò rí i pé abẹ́ ilẹ̀ ni òun náà ti gòkè wá.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1866 ni wọ́n bí Herbert George Wells ní Bromley, ní agbègbè Kent, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Joseph, bàbá rẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ ọgbà rí kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó ti ń ta àwo tánganran àti ohun èlò kíríkẹ́ẹ̀tì. Ọjà kò tà. Owó tí bàbá náà ń rí nídìí eré kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn, títí ó fi ṣubú tí itan rẹ̀ sì kán ní ọdún 1877. Inú ilẹ̀, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù yìí, ni ilé ìdáná wọn wà. Ihò onírin tí ó yọ sí títì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ọmọ náà bá gbójú sókè, bàtà àwọn tí ń kọjá ló ń rí, kì í rí ojú wọn. Bàtà wọ̀nyẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: ní ọdún 1907 ó kọ ìwé pélébé kan nípa bàtà àti ìṣẹ́, This Misery of Boots.

Ní ọdún 1880, Sarah, ìyá rẹ̀, padà sí Uppark, ilé ńlá olówó kan ní Sussex tí ó ti sìn rí, ó sì di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ láàárín ilé náà àti àwọn ilé iṣẹ́ tí ó wà lóde, kí ọmọ-ọ̀dọ̀ lè máa lọ, kí ó máa bọ̀, kí ojú ọ̀gá àti àlejò má kàn án. Wells mọ ọ̀nà wọ̀nyẹn. Ó tún mọ yàrá ìwé tí ó wà lókè. Ibẹ̀ ló ti ka Plato àti Swift.

Aṣọ títà ni ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó kọ́. Láti ọdún 1881 ó wà ní ilé ìtajà aṣọ kan ní Southsea, wákàtí 13 lójúmọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ọdún 1883, ó jí ní kùtùkùtù, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 17 lọ sí Uppark láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ikú tẹ́ òun lọ́rùn ju iṣẹ́ náà lọ. Horace Byatt, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Midhurst, ló yọ ọ́: ó gbà á gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe olùkọ́. Lọ́dún kan péré, ọmọ náà gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Normal School of Science ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ó sì jókòó lẹ́sẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n T. H. Huxley. Síbẹ̀ ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìkẹyìn ní ọdún 1887. Ó lọ ṣe olùkọ́ ní Wales, wọ́n sì ṣe é léṣe níbi eré bọ́ọ̀lù. Kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jáde. Ó tún kọ́ni ní Kilburn, níbi tí A. A. Milne ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó gba oyè B.Sc. ní ọdún 1890. Àìsàn náà padà ní ọdún 1893. Bí ó ṣe fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ nìyẹn tí ó gbá kálàmù mú.

Nínú The Time Machine, ọkùnrin kan fi ẹ̀rọ tí ó ṣe rìnrìn àjò dé ọdún 802,701, ní ibi tí Lọ́ńdọ̀nù wà tẹ́lẹ̀. Lókè ilẹ̀, ó bá àwọn Eloi, ẹ̀dá kékeré, arẹwà, tí kì í ṣiṣẹ́. Kànga jíjìn wà káàkiri, ariwo ẹ̀rọ sì ń ti inú wọn jáde. Ìsàlẹ̀ kànga ni àwọn Morlock ń gbé. Awọ wọn ti ṣì, wọn kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Àwọn ló ń pèsè aṣọ fún àwọn Eloi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á gòkè wá mú wọn jẹ. Àtọmọdọ́mọ òṣìṣẹ́ ni Morlock, àtọmọdọ́mọ ọ̀gá sì ni Eloi. Láti ọdún 1863 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wells kàn fa okùn náà gùn ni.

Àwọn lámèyítọ́ kan a máa fi gbogbo àlàyé wọn sórí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kọ́ ni kókó. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọmọ ilé ìdáná yìí kò fojú àánú wo àwọn ará ìsàlẹ̀. Weena, obìnrin Eloi kan, ni arìnrìn-àjò rẹ̀ fẹ́ràn. Irin ló fi lu àwọn Morlock. Ọdún 11 péré ni Wells ti kúrò ní ilé ìtajà aṣọ nígbà tí ó ń kọ ìwé náà, ó sì jọ pé ẹ̀rù ibi tí ó ti jáde ṣì ń bà á.

Ẹ̀rù náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú When the Sleeper Wakes (1899), ọkùnrin kan sùn fún ọdún 203, ó jí sí Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ búlúù kún ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbí, ọ̀dọ̀ wọn ni akọni ìtàn náà fara mọ́. Ní ọdún 1922 àti 1923, Wells díje fún ìjókòó ilé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò wọlé. Ní ọdún 1940 ó kọ ìwé lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ó kú ní ilé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1946. Wọn kò sin ín sínú ilẹ̀. Wọ́n sun òkú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì da eérú náà sínú òkun.