Lester Pearson, ará Kánádà tó ní kí ọmọ ogun lọ làjà

Ọmọ oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Olóògbé Lester Bowles Pearson. Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 1897, ni wọ́n bí i nítòsí Toronto. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó sì lọ kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù ogun. Ojú ogun kọ́ ló ti fara pa. Bọ́ọ̀sì ló gbá a lálẹ́ ní London.

Ọdún 1956 ni òkìkí rẹ̀ kàn. Nasser, olórí Íjíbítì, gba ojú omi Suez lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, Ísírẹ́lì kógun wọ Íjíbítì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì dá sí ìjà náà. Ọ̀rọ̀ náà le fún Kánádà. Ọbabìnrin kan náà ni àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń wárí fún, bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà, aládùúgbò wọn, ń bínú sí ogun náà gidigidi. Pearson, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, dábàá pé kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun jọ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìjà, kí wọ́n dúró sáàrin àwọn tó ń jà. Lóru mọ́jú ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, orílẹ̀-èdè 57 fọwọ́ sí i, 19 kò dìbò, kò sí ẹyọ kan tó takò ó.

Síbẹ̀, Nasser kọ̀ láti gba ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Kánádà kọ́kọ́ yàn, nítorí pé aṣọ àti orúkọ wọn jọ ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá a jà. Àwọn tó ń bójú tó ẹrù, ọkọ̀ àti ètò ìbánisọ̀rọ̀ ni Kánádà fi ránṣẹ́. Nílé, ọ̀pọ̀ èèyàn pe Pearson ní ọ̀dàlẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì pàdánù ìbò ní oṣù kẹfà, ọdún 1957. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde pé òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Ó di olórí ìjọba ní 1963. Ní 1964, Kánádà wà lára àwọn tó kó ọmọ ogun lọ làjà ní Sípírọ́ọ̀sì. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1966, ó wá sí ìpàdé Kọmọnwẹ́ẹ̀tì lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia ní Èkó. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ìpàdé náà parí ni àwọn ṣọ́jà dìtẹ̀, tí wọ́n sì pa Tafawa Balewa tó gbà wọ́n lálejò. Ní 1967, Nasser lé àwọn ọmọ ogun àjọ náà kúrò ní Íjíbítì. Kò pẹ́ tí ogun mìíràn fi bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn tó fi ipò sílẹ̀ ní 1968, Báǹkì Àgbáyé ní kó ṣe olórí ìgbìmọ̀ kan tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà wò. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1969 pé kí ìjọba àwọn olówó máa yọ ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ wọn lọ́dọọdún. Náírà méje péré nìyẹn nínú ẹgbẹ̀rún kan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba ìmọ̀ràn náà wọlé ní 1970. Sweden mú un ṣẹ ní 1974, ṣùgbọ́n Kánádà fúnra rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 1972, ni Pearson kú ní Ottawa, lẹ́ni ọdún 75. Wákefield, ní Quebec, ni wọ́n sin ín sí, nítòsí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè.