William Bradford (ayàwòrán)

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ayàwòrán ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe William Bradford tí ó jẹ́ gómìnà Plymouth.

William Bradford (ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1823 – ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1892) jẹ́ ayàwòrán ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa àwòrán ọkọ̀ òkun àti ti ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá ayé. Ní ọdún 1869, ó darí ìrìnàjò kan lọ sí Greenland nítorí iṣẹ́ ọnà, ó sì mú ayafọ́tò méjì dání. Láti inú ìrìnàjò náà ni ìwé rẹ̀, The Arctic Regions, ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1873.

== Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ ==

Wọ́n bí Bradford ní Fairhaven, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí ó dojú kọ New Bedford ní òdìkejì odò Acushnet. Ní àsìkò náà, pípa ẹja àbùùbùtán ni olórí òwò agbègbè yìí, èbúté rẹ̀ sì kún fún ọkọ̀ òkun.

Bradford kọ́kọ́ ṣòwò aṣọ. Òwò náà kò gbè é, nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára àwòrán yíyà, ìsọ̀ rẹ̀ sì forí ṣánpọ́n. Nígbà tí ó ti tó bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ni ó tó sọ àwòrán yíyà di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ó ń ya ọkọ̀ òkun fún àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn oníbàárà wọ̀nyí mọ okùn àti ìgbòkun ọkọ̀ wọn dájú, nítorí náà kò sí àyè fún àṣìṣe. Albert van Beest, ayàwòrán ọmọ Nẹ́dálándì, bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Fairhaven fún ìgbà díẹ̀, Bradford sì kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kó lọ sí New York, ó sì gba yàrá iṣẹ́ sí ilé àwọn ayàwòrán tí ó wà ní òpópónà kẹwàá.

== Ìrìnàjò sí Labrador ==

Láàárín ọdún 1861 sí 1867, Bradford rin ìrìnàjò léraléra lọ sí etíkun Labrador, tí ó wà ní Kánádà lónìí, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkìtì yìnyín tí ń léfòó lójú òkun àti nípa àwọn tí ń lépa ẹran síìlì láàárín rẹ̀. Àwòrán ńlá rẹ̀, Sealers Crushed by Icebergs (1866), fi àwọn ọkọ̀ tí yìnyín há mọ́ hàn, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ tí ń sá àsálà fún ẹ̀mí wọn. Àwòrán náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé New Bedford Whaling Museum.

== Ìrìnàjò ọdún 1869 ==

LeGrand Lockwood, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò owó ní New York, ni ó náwó sí ìrìnàjò tí ó gba òkìkí jù lọ nínú ayé Bradford. Wọ́n háyà Panther, ọkọ̀ onísitíìmù tí wọ́n fi ń pa síìlì, wọ́n sì ṣíkọ̀ láti St. John's ní Newfoundland ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1869. John Bartlett ni ọ̀gá ọkọ̀. Lára àwọn èrò ni dókítà Isaac Israel Hayes, ẹni tí ó ti lọ sí ilẹ̀ yìnyín lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. John Dunmore àti George Critcherson, tí wọ́n wá láti ilé iṣẹ́ fọ́tò James Wallace Black ní Boston, ni ayafọ́tò.

Ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀bá etíkun ìwọ̀-oòrùn Greenland, tí ó wà lábẹ́ Dẹ́ńmárkì, lọ sí àríwá. Wọ́n dúró ní Julianehåb, tí a mọ̀ sí Qaqortoq lónìí. Ní ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò àwókù ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará Norse kọ́ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Wọ́n dé Upernavik, wọ́n sì wọ Melville Bay, ibi tí yìnyín ti fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn apẹja àbùùbùtán.

Yíya fọ́tò ní àsìkò náà kò rọrùn. Ayafọ́tò ní láti da èròjà collodion sórí gíláàsì, kí ó rì í sínú omi kẹ́míkà tí a fi fàdákà ṣe, kí ó fi sínú kámẹ́rà, kí ó sì fọ àwòrán náà kí gíláàsì tó gbẹ. Gbogbo èyí gbọ́dọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nínú òtútù, nígbà mìíràn lórí ọkọ̀ tí ń mì. Síbẹ̀, Dunmore àti Critcherson ya yìnyín, àpáta, ọkọ̀ àti àwọn ènìyàn. Bradford tìkára rẹ̀ ń fi ọ̀dà ya àwòrán kéékèèké, nítorí pé kámẹ́rà ìgbà náà kò lè mú àwọ̀.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọnà ni wọ́n bá lọ, wọ́n tún ṣọdẹ. Ọ̀kan lára àwọn fọ́tò inú ìwé náà fi ẹgbẹ́ náà hàn lẹ́yìn tí wọ́n pa béárì funfun mẹ́fà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún.

== Ìwé The Arctic Regions ==

Kò pẹ́ tí ìrìnàjò náà parí tí ilé iṣẹ́ Lockwood fi wó, lẹ́yìn ìdàrúdàpọ̀ ọjà góòlù ní New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1869. Lockwood kú ní ọdún 1872. Bradford ní láti wá olówó mìíràn, ó sì rí wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọbabìnrin Victoria wà lára àwọn tí ó sanwó ìwé náà sílẹ̀, ó sì tún ra àwòrán kan tí ó fi Panther hàn lábẹ́ oòrùn òru.

Ìwé náà tóbi púpọ̀. Fọ́tò 141 ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà tí a fi funfun ẹyin pa, tí wọ́n sì fi ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ojú ewé. Hayes náà ti kọ ìwé tirẹ̀ nípa ìrìnàjò yìí, The Land of Desolation, ní ọdún 1871.

== Ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà ==

Orúkọ Bradford ni ìwé náà ń jẹ́, fún ìdí èyí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ó ya àwọn fọ́tò inú rẹ̀. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òde òní ti ń kọ orúkọ Dunmore àti Critcherson sí àwọn fọ́tò náà. Ipa Bradford ni dídarí ẹgbẹ́, kíkọ ìtàn ìrìnàjò àti títẹ ìwé jáde. Lẹ́yìn tí ó padà délé, ó tún lo àwọn fọ́tò náà láti ya àwòrán ọlọ́dà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

== Ìgbẹ̀yìn ayé àti ogún rẹ̀ ==

Ní ọdún 1874, ẹgbẹ́ National Academy of Design yan Bradford sí ipò alábàáṣepọ̀. Ó gbé ní San Francisco fún ìgbà kan, ó sì ya àwọn òkè Sierra Nevada àti àfonífojì Yosemite. Ó tún máa ń sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ nípa Greenland, tí ó ń fi iná tan àwòrán sára ògiri. Ó kú ní New York ní ọdún 1892, ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé ọmọ ọdún 69.

Ní ọdún 2012, ayàwòrán Zaria Forman darí ẹgbẹ́ kan lọ sí etíkun àríwá-ìwọ̀-oòrùn Greenland láti tọ ipasẹ̀ Bradford. Ìyá rẹ̀, ayafọ́tò Rena Bass Forman, ni ó kọ́kọ́ gbèrò ìrìnàjò náà kí ó tó kú ní ọdún 2011. Yìnyín Greenland ti ń yọ́ lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà ayé Bradford. Nítorí náà, àwọn fọ́tò ọdún 1869, tí wọ́n yà nítorí ẹwà, ti di ẹ̀rí bí etíkun náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.