Thomas Chalmers: Ẹni Tí Ó Jókòó Lẹ́ẹ̀mejì Lórí Àga Módẹ́rétọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ yín sí abẹ́ ìtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ ní ọdún àjọ̀dún bí èyí kí a rántí ìgbésí ayé àwọn àgbà onígbàgbọ́ ìgbàanì. Ẹni tí a mú wá síwájú yín lọ́tẹ̀ yìí ni Thomas Chalmers, ará Skọ́tlándì, olùkọ́, oníwàásù àti aṣáájú ìjọ, tí ó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1847. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbé e gorí àga tí ó ga jù lọ nínú àpéjọ ìjọ Presbitéríà. Ní ìgbà èkíní, ìjọba àti ìjọ jùmọ̀ bu ọlá fún un. Ní ìgbà kejì, ní ọjọ́ náà gan-an ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nínú ìjọ tí ìjọba ń bọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé àga náà. Ìjọ Presbitéríà kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí a bí sínú Ìjọ Áńgílíkà mọ bí bíṣọ́ọ̀bù ti í jókòó lórí àga rẹ̀ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ní Skọ́tlándì, ọwọ́ ìgbìmọ̀ ni àṣẹ wà: ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ àgbègbè lókè rẹ̀, àti Àpéjọ Gbogbogbòò tí ó máa ń pàdé ní Edinburgh ní oṣù karùn-ún ọdọọdún. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti àwọn alàgbà ni í jókòó níbẹ̀ pọ̀, ẹnì kan nínú wọn ni wọn a sì yàn láti darí ìjókòó. Òun ni wọ́n ń pè ní Módẹ́rétọ̀. Ọdún kan péré ni ó ń lò.

Láàárín ọdún náà, ọlá kò kéré. Nígbà àtijọ́, aṣọ dúdú ti ààfin ni ó máa ń wọ̀, pẹ̀lú léèsì funfun ní ọrùn àti ọwọ́, ṣòkòtò tí ó mọ ní orúnkún, bàtà onídè, àti fìlà onígun mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún ìjọ kan ṣoṣo. Ó ń fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìjókòó, ó ń pa ìlànà mọ́, ó sì ń kéde ohun tí ilé fi ẹnu kò sí. Bí ọdún rẹ̀ bá pé, a bọ́ sílẹ̀, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọba náà ń rán aṣojú wá. Àga rẹ̀ wà lókè, níta ibi tí àwọn ọmọ àpéjọ jókòó sí, kò sì ní ohùn nínú ìpinnu wọn. Nígbà tí àpéjọ bá parí, Módẹ́rétọ̀ a tú u ká ní orúkọ Jésù Kristi, Olórí ìjọ, a sì dá ọjọ́ ìpàdé tí ń bọ̀. Aṣojú Ọba náà a sì dìde, a tú u ká ní orúkọ Ọba. Ìbéèrè tí ó wà nínú àṣà yìí ni pé, bí àwọn aláṣẹ méjèèjì bá pàṣẹ ohun tí ó tako ara wọn, ti ta ni ìjọ yóò gbọ́? Ìran Chalmers ni ó kan láti dáhùn.

Ìlú Anstruther ní etí òkun Fife ni a ti bí i, ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 1780. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, ọmọ mẹ́rìnlá ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun sì ni ẹlẹ́kẹfà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ó wọ Yunifásítì St Andrews. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó gba ọkàn rẹ̀ níbẹ̀. A fún un ní àṣẹ láti wàásù nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, a sì fi í jẹ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní abúlé Kilmany ní ọdún 1803.

Iṣẹ́ ìjọ kò tí ì jẹ́ ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ nígbà náà. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ń wá. Ní ọdún 1805, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé bí òjíṣẹ́ ìjọ bá ti ṣe ojúṣe rẹ̀ tán, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù fún un láti fi ṣe ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bí ó ti wù ú. Lẹ́yìn èyí ni àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, ó sì tún mú arábìnrin rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1809, òun náà dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù púpọ̀. Ikú tí ìbá pani, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ni à ń dá. Lórí ibùsùn ni ó ti ro ìgbésí ayé rẹ̀ wò. Ó ka ìwé William Wilberforce, ẹni tí ó jà fún ìparun òwò ẹrú, lórí ìgbàgbọ́ tòótọ́. Nígbà tí ó dìde, àwọn ará Kilmany rí i pé oníwàásù mìíràn ni ó padà sórí àga ìwàásù wọn.

Ní ọdún 1815, wọ́n pè é sí ìjọ Tron ní Glasgow. Ìwàásù rẹ̀ lórí ìràwọ̀ àti ìfihàn Ọlọ́run, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1817, tà bí ìtàn àròsọ tí gbogbo ènìyàn ń wá kiri. Síbẹ̀, àwọn tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń gba oorun mọ́ ọn lójú. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun ti sọ Glasgow di ìlú ńlá, àwọn òtòṣì sì há mọ́ra nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí. Ní ọdún 1819, ó gba ìjọ tuntun kan, St John's, tí nǹkan bí ènìyàn 10,000 ń gbé ní àgbègbè rẹ̀. Ó pín in sí ọ̀nà 25, ó fi díákónì kan ṣe alábòójútó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì sọ pé owó ọrẹ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni òun yóò máa fi tọ́jú àwọn aláìní, kì í ṣe owó orí. Ìgbìyànjú náà kò pẹ́ ju ọdún 1837 lọ, àwọn ènìyàn sì ń jiyàn lé e lórí di òní. Ṣùgbọ́n àṣà pé kí ìránṣẹ́ ìjọ máa mọ ilé kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè rẹ̀ kò bá a kú.

Ní ọdún 1823, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní St Andrews. Nínú kíláàsì rẹ̀ ni Alexander Duff ti jókòó, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ olókìkí sílẹ̀ ní Calcutta nílẹ̀ Íńdíà, tí òun náà sì jókòó lẹ́ẹ̀mejì lórí àga Módẹ́rétọ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1828, Yunifásítì Edinburgh pe Chalmers láti wá máa kọ́ àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Àpéjọ Gbogbogbòò ti ọdún 1825 tí a kò lè fò dá. Àríyànjiyàn ń lọ lórí àwọn òjíṣẹ́ tí ó ń di ipò ìjọ àti ipò ọ̀jọ̀gbọ́n mú pọ̀. Chalmers lòdì sí i. Ẹnì kan sì fa ìwé kékeré ọdún 1805 yọ, ó fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ó lójú ní gbangba. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Chalmers dìde, kò sẹ́, kò sì ṣàwáwí. Ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun kọ ọ́, ó sì tọrọ ìdáríjì. Ó ní òun ń ka ara òun sí onímọ̀ ìṣirò nígbà náà, ṣùgbọ́n òun kò ṣírò bí ayé yìí ti kúrú tó, òun kò sì ṣírò bí ayérayé ti gùn tó. Ní tiwa, ọjọ́ náà ni ó tó Módẹ́rétọ̀ í ṣe. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1832, àpéjọ kan náà gbé e gorí àga.

Lẹ́yìn ọdún oyè rẹ̀, ó darí ìgbìmọ̀ tí ń kọ́ ilé ìjọsìn tuntun. Kí ọdún méje tó pé, ó lé ní igba ilé ìjọsìn tí wọ́n ti fi owó tí àwọn ènìyàn dá kọ́. Ṣùgbọ́n ìjà ti dé. Òfin kan tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní ìgbà ayé Ọbabìnrin Anne fún àwọn ọlọ́lá onílẹ̀ ní àṣẹ láti yan òjíṣẹ́ fún ìjọ tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 1834, Àpéjọ ṣe ìlànà pé bí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn baálé ilé tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ bá kọ ẹni tí a yàn, kí a má ṣe fi í jẹ. Ní ọdún náà gan-an ni ọlọ́lá Kinnoull yan Robert Young fún ìjọ Auchterarder. Nínú 330 baálé ilé, ó ju 280 lọ tí ó kọ̀ ọ́. Young gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ dá a láre ní ọdún 1838, Ilé Àwọn Ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1839. Ọwọ́ tí ń fúnni ni í lékè: ìjọba ni ó ń san owó oṣù, ìjọba sì fẹ́ kí ìjọ gbọ́ràn.

Ní ọjọ́ 18, oṣù karùn-ún, ọdún 1843, Àpéjọ pé sí ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew ní Edinburgh. David Welsh, Módẹ́rétọ̀ tí ọdún rẹ̀ ń parí, gbàdúrà. Dípò kí ó pe orúkọ àwọn aṣojú, ó ka ìwé ìfẹ̀hónúhàn, ó gbé e lé orí tábìlì, ó tẹrí ba fún aṣojú Ọba, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Chalmers tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù dìde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rìn láàárín èrò tí ó kún ojú pópó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Tanfield, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti fi Chalmers ṣe Módẹ́rétọ̀ àkọ́kọ́ fún ìjọ tuntun, tí wọ́n pè ní Ìjọ Òmìnira.

Òjíṣẹ́ 474 ni ó fi ọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀, nínú nǹkan bí 1,200 tí ó wà ní gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ jáde kúrò nínú ilé ìjọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó bá wọn lọ pàdánù iṣẹ́. Àwọn onílẹ̀ kan kọ̀ láti ta ilẹ̀ fún wọn, wọ́n sì jọ́sìn ní gbangba lábẹ́ òjò. Ní Strontian, inú ọkọ̀ onírin tí ó léfòó lórí omi ni wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Chalmers ti ronú ṣáájú: ó dá àpò ìtọ́jú kan sílẹ̀, tí ìjọ olówó àti ìjọ òtòṣì jùmọ̀ ń dáwó sí, tí gbogbo òjíṣẹ́ sì ń gba ìpín ọgbọọgba nínú rẹ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti korò nìyí. Ìjọ tuntun nílò owó, ó sì rán aṣojú lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1844. Nǹkan bí £3,000 ni ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń ni ẹrú. Frederick Douglass, tí ó ti bọ́ lóko ẹrú fúnra rẹ̀, la Skọ́tlándì já ní ọdún 1846, ó ń béèrè pé kí wọ́n dá owó náà padà. Chalmers gbà pé ibi ni oko ẹrú, ṣùgbọ́n ó ní kò tọ́ kí a yọ gbogbo ẹni tí ó ní ẹrú kúrò nínú ìdàpọ̀ àwọn onígbàgbọ́. Wọn kò dá owó náà padà. Ẹni tí ó kọ owó Ọba nítorí ẹ̀rí ọkàn kò kọ owó ẹrú. Àwa ọmọ Yorùbá kò lè ka èyí kí ó má dùn wá. Samuel Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, gba oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843 gan-an, ó sì dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Àwọn ará rẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí ní Edinburgh. Ojú tí ó rí ìwà ìkà òfin Ọbabìnrin Anne kò ríran dé oko òwú Amẹ́ríkà. A sọ ọ́ nítorí pé ìtàn ẹni ńlá tí a bu ẹ̀gbẹ́ kan jẹ kúrò nínú rẹ̀ kò lè kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

Chalmers lo ọdún ìkẹyìn rẹ̀ láàárín àwọn òtòṣì West Port ní Edinburgh, níbi tí ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, àti gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ tuntun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 1847, nígbà tí Àpéjọ ń jókòó lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń retí ìròyìn rẹ̀ lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wọ́n bá a lórí ibùsùn, ó ti sùn lọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a sin sí itẹ́ òkú Grange.

Ní ọdún 1874, ìjọba fagi lé òfin tí ó fa ìjà náà. Ní ọdún 1900, Ìjọ Òmìnira dara pọ̀ mọ́ ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì rẹ̀ wà ní Calabar láti ọdún 1846. Ní ọdún 1929, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn padà sínú ìjọ àtijọ́. Ìjọ Presbitéríà ní Nàìjíríà sì ń pe aṣáájú àpéjọ rẹ̀ ní Módẹ́rétọ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú yín wà lórí àga lónìí, ní ilé iṣẹ́, ní ìjọ, ní ìjọba. Ẹ̀yin òbí, àga ni ẹ ń tọ́ àwọn ọmọ yín sí. Ẹ kọ́ wọn bí a ti ń jókòó sórí rẹ̀. Ẹ kọ́ wọn bí a ti ń dìde kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rí ọkàn bá pè. Ẹ sì kọ́ wọn láti máa béèrè ibi tí owó ti wá, àní nígbà tí iṣẹ́ rere bá ń dúró dè é.