Arákùnrin Lawrence: Ìránṣẹ́ Ọlọ́run Nídìí Ìkòkò



Bí a ti ń gbọ́ ìròyìn ogun àti ìyàn láti ilẹ̀ òkèèrè, ọkàn ẹlòmíràn a máa dàrú. A máa rò ó pé kí ni iṣẹ́ ilé, ọmọ títọ́ àti àdúrà àárọ̀ já mọ́, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ṣègbé níbi tí ọwọ́ wa kò lè dé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ìgbésí ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ogun, tí ó sì wá sin Ọlọ́run nínú ilé ìdáná.

Nicolas Herman ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1614 ní abúlé Hériménil, lẹ́bàá ìlú Lunéville, ní ilẹ̀ Lorraine tí ó ti di apá kan ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 18, ó rí igi kan ní àkókò òtútù tí gbogbo ewé rẹ̀ ti wọ́ dànù. Ó rò ó pé láìpẹ́ igi náà yóò tún rúwé, yóò sì so èso. Láti inú èrò yìí ni agbára àti ìtọ́jú Ọlọ́run ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ní àkókò náà, Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, èyí tí ó jà láti 1618 títí di 1648, ń run ilẹ̀ Lorraine. Nicolas wọ iṣẹ́ ológun. Àwọn ọmọ ogun Jámánì mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn amí kàn án, wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò so ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ó dúró gbọn-in pé òun kò jẹ̀bi, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ní 1635, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Swídìn kọlu ìlú Rambervillers, ó gba ọgbẹ́, ó sì di arọ lẹ́sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn èyí ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọlọ́lá kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ohun gbogbo ni ó ń fọ́. Ní 1640, ó wọ ilé àwọn ẹlẹ́sìn Kámẹ́lì ní Paris, kì í ṣe bí àlùfáà bí kò ṣe bí arákùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Lawrence ti Àjíǹde. Ó ti retí pé wọn yóò fi ìyà jẹ òun nítorí àṣìṣe òun. Ìtẹ́lọ́rùn ni ó bá níbẹ̀.

Ilé ìdáná ni wọ́n fi í sí, iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ rárá, ó sì ṣe é fún nǹkan bí ọdún 15. Ní àkókò yìí kan náà, ogun, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn ń sọ àwọn abúlé Lorraine, ilẹ̀ bàbá rẹ̀, di ahoro. Vincent de Paul Mímọ́, tí òun náà wà ní Paris, kó ọrẹ àánú jọ, ó sì rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ gbé e fún àwọn tí ìyà ń jẹ níbẹ̀. Ọlọ́run pe Vincent sí iṣẹ́ yẹn. Ó pe Lawrence sídìí iná. Olúkúlùkù jẹ́ ìpè tirẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn fún un. Fún ọdún 10 ni ìrántí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ fi dá a lóró. Ìgbà tí ó gbà pé bí òun yóò tilẹ̀ wà nínú ìyà náà títí ayé, òun yóò máa fẹ́ Ọlọ́run síbẹ̀, ni àlàáfíà tó dé. Bí ó bá ń yí ẹyin dídín padà lórí iná, bí ó bá ń ṣa koríko kan nílẹ̀, nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run ni. Àkókò àdúrà àti ariwo ìkòkò jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán an lọ ra wáìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè rìn nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń yí ara rẹ̀ lórí àwọn àgbá. Síbẹ̀ ó parí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń ṣe sálúbàtà fún àwọn ará ilé.

Láti 1666 ni àlùfáà Joseph de Beaufort ti ń wá bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Fénelon, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà, bẹ̀ ẹ́ wò nínú àìsàn, ó sì bá a pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1691. Àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìwé kékeré tí àwọn Krístẹ́nì káàkiri ayé ń kà.

Ẹ̀yin ará, bí ó bá ṣeé ṣe fún wa láti ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a háwọ́. Ṣùgbọ́n kí a má sì tìtorí ẹkún ará òkèèrè gbàgbé arúgbó tí ń retí omi gbígbóná nínú ilé wa. Lọ́sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ kan tí ó ń sú u jùlọ, kí ó sì fi í rúbọ sí Ọlọ́run fún àwọn tí ń jìyà.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.