Ìtàn James Watt, Ẹni tí Ó Fi Ẹṣin Wọn Agbára Ẹ̀rọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo tàbí èyí tí ń fa omi, yóò bi ẹni tí ń tà á ní iye agbára ẹṣin tí ó ní. Olùtajà yóò dáhùn pé márùn-ún ni tàbí mẹ́wàá, olùrajà yóò mi orí, yóò san owó, yóò sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì mọ irú ẹṣin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ti wà rí ní tòótọ́. Ọlọ ni ó ń yí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí 240 ọdún sẹ́yìn, ẹni tí ó sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé ni James Watt, ọmọ ilẹ̀ Scotland, tí àwa fẹ́ ròyìn rẹ̀ lónìí.

A bí i ní ìlú Greenock, létí odò Clyde, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1736. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń ṣòwò pẹ̀lú. Ara ọmọ náà kò le. Ẹ̀fọ́rí kì í fi í sílẹ̀, nítorí náà ilé ni ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yára mọ iṣẹ́ láàárín àwọn irin iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1753, tí òwò bàbá rẹ̀ sì ń rẹ̀ sílẹ̀, ó di dandan fún un láti wá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó lọ sí London ní 1755 láti kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe òṣùwọ̀n àti ohun èlò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ọdún 7 ni ọmọ iṣẹ́ a máa lò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọdún kan péré ni òun lò, ó sì padà sí Glasgow.

Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà ti dí i lọ́nà pé kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé kò pé iye ọdún tí ó yẹ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ti ń ṣe ní ìlú tiwa kò ní jẹ́ kí èyí ya òun lẹ́nu. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì Glasgow ni ó gbà á sílẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá kan nínú ọgbà wọn ní 1757, níbi tí òfin ẹgbẹ́ náà kò dé, ó sì ń tún ohun èlò wọn ṣe.

Nínú àwọn ohun èlò wọ̀nyí ni àwòrán kékeré ẹ̀rọ Thomas Newcomen wà, tí a gbé fún un láti tún ṣe nígbà òtútù 1763 sí 1764. Láti 1712 ni a ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fa omi jáde nínú ihò èédú. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: àgbá irin kan wà, irin kan sì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ odó. Ooru omi híhó yóò kún inú àgbá náà, a ó sì tú omi tútù sí i. Ooru yóò padà di omi, inú àgbá yóò ṣófo, afẹ́fẹ́ òde yóò sì tẹ ọmọ odó náà wálẹ̀. Watt ṣe àkíyèsí pé nígbàkúgbà tí a bá tú omi tútù náà, àgbá fúnra rẹ̀ ni a ń mú tutù, a óò sì tún fi ooru púpọ̀ ṣòfò láti mú un gbóná kí ó tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dà bí ìgbà tí aláàárù ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀ kan.

Ọ̀ràn yìí kò jẹ́ kí ó sùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní 1765, bí ó ti ń rìn lórí pápá Glasgow Green, ọ̀nà àbáyọ là sí i lójú: kí a so àgbá kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, kí ti àkọ́kọ́ máa gbóná nígbà gbogbo, kí èkejì máa tutù nígbà gbogbo, kí ooru sì máa sá lọ sínú èyí tí ó tutù láti di omi níbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí ó lókìkí tó èyí nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ ohun kan, kí ó sì rí owó fi ṣe é, ọ̀tọ̀ ni. Ó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní 1769 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀rọ náà láìgba àyè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò Ọ̀gbẹ́ni John Roebuck, ẹni tí ń ná owó sí i, dàrú ní 1773, ní ọdún náà gan-an sì ni ìyàwó rẹ̀ Margaret kú lórí ìkúnlẹ̀. Watt ṣí kúrò ní Scotland ní 1774, ó lọ bá Matthew Boulton, oníléeṣẹ́ ńlá ní Soho lẹ́bàá Birmingham. Boulton mọ òwò, Watt mọ ẹ̀rọ. Ilé aṣòfin sì fa ìwé àṣẹ náà gùn dé 1800.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹṣin ti wọlé nìyí, kí òǹkàwé fara balẹ̀. Àwọn oníhò tánganran àti bàbà ní Cornwall ni oníbàárà pàtàkì wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Boulton àti Watt bá wọn dá májẹ̀mú pé kí wọ́n máa san ìdá mẹ́ta owó èédú tí ẹ̀rọ tuntun bá dá sí fún wọn lórí ti Newcomen. Watt tilẹ̀ ṣe àpótí kékeré kan tí ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà mì, a sì fi àgádágodo tì í kí ẹnikẹ́ni má bàa yí iye náà padà. Síbẹ̀ àwọn ará Cornwall ń kùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ san án, ẹjọ́ sì ń bẹ títí di 1799. Nígbà tí Watt wá ṣe ẹ̀rọ tí ń yí kẹ̀kẹ́, láti 1781 lọ, àwọn ọlọ́lọ àti àwọn tí ń pọn ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹ̀rọ Newcomen tí a lè fi tuntun wé. Ẹṣin ni wọ́n ní. Báwo ni a ó ti dá owó lé e tí ẹnikẹ́ni kò fi ní sọ pé a rẹ́ òun jẹ?

Watt yí sí ẹṣin náà, ó sì kà á. Ní 1782 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pé ẹṣin ọlọ ń rìn yí òbìrí kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24, ìgbà méjì ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá ka àyíká òbìrí náà sí ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 72 ni. Ìgbà méjì ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Ó ka ohun tí ẹṣin ń fà sí ìwọ̀n pọ́n-ùn 180. Ẹ sọ 180 di ìlọ́po 180, ẹ ó rí 32,400. Ní ọdún kejì ó gbé e dé 33,000, níbẹ̀ ni ó sì dúró sí títí di òní: kí a gbé ìwọ̀n pọ́n-ùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin tí ó fa korobá omi oníwọ̀n pọ́n-ùn 30 láti inú kànga tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 55 ní ìṣẹ́jú kan, ìdá ogún ẹṣin kan ni ó ṣe. Ní ti ẹṣin gidi, ó lè ju 33,000 lọ fíìfíì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí yóò ṣe é láti òwúrọ̀ di alẹ́ ṣọ̀wọ́n. Lójú tèmi, ọgbọ́n oníṣòwò tòótọ́ nìyí, nítorí ẹni tí ó ra ẹṣin mẹ́wàá lọ́wọ́ Watt gbà ju ẹṣin mẹ́wàá lọ. £5 ni a ń san lórí ẹṣin kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ní London, £6.

Kí a má ṣe gbàgbé pé agbára yìí kì í ṣe iye iṣẹ́, bí kò ṣe ìyára rẹ̀. Bí aláàárù méjì bá ru 20 àpò kòkó gun àjà, tí èkíní fi wákàtí kan ṣe é tí èkejì fi mẹ́rin, iṣẹ́ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n agbára èkíní jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá akọ̀wé iná mànàmáná jà nígbà tí ìwé owó bá dé. Wáàtì tí a kọ sára gílóòbù jẹ́ agbára. Ohun tí mítà ń kà ni iye iṣẹ́. Gílóòbù oní 100 wáàtì tí ó tàn fún wákàtí 10, àti áyọ́ọ̀nù oní 1,000 wáàtì tí a lò fún wákàtí kan, yúnìtì kan náà ni wọ́n jẹ. Agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746. Ti àwọn ará Jámánì àti Faransé kéré díẹ̀, nǹkan bí 735, nítorí kílò àti mítà ni wọ́n fi ṣírò tiwọn.

Ohun kan wà tí àwọn tí ń yin Watt a máa fò dá, tí kò sì yẹ kí ọmọ ilẹ̀ yìí fò. Òwò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn erékùṣù West Indies kò yọ òwò ẹrú sílẹ̀, Watt fúnra rẹ̀ sì bá ilé wọn ṣe nínú òwò náà nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn olóko ìrèké ní erékùṣù wọnnì ra ẹ̀rọ láti Soho, àwọn ènìyàn wa aláwọ̀ dúdú ni ó sì ń ko ìrèké sí ẹnu ọlọ náà. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin, kò gbà á lọ́wọ́ ẹrú.

Watt fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1800, ó sì kú ní ilé rẹ̀ ní Heathfield ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1819, ẹni ọdún 83. A sin ín sí Handsworth nítòsí Boulton. Ní 1882 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àbá William Siemens, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n agbára iná mànàmáná. Ní ti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí Samuel Whitbread rà sí ilé ìpọntí rẹ̀ ní London ní 1785, láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹṣin tí ń yí ọlọ rẹ̀, ni Ọba George Kẹta àti ayaba lọ wò ní 1787. Ọdún 102 ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A tú u ní 1887, a sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilẹ̀ Australia, níbi tí ó ti di ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Sydney.