Vallandigham, lọ́yà tó yìnbọn pa ara ẹ̀ níbi tó ti fẹ́ẹ́ gba oníbàárà ẹ̀ sílẹ̀

Ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí Clement Vallandigham sí lọ́dún 1820. Lọ́yà ni, ó sì tún lọ sílé aṣòfin àpapọ̀. Ẹnu ẹ̀ ló kó o sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n ń ja ogun abẹ́lé, ó lóun ò fara mọ́ ogun náà, ó ń bẹnu àtẹ́ lu Ààrẹ Abraham Lincoln ní gbangba, làwọn ṣọ́jà bá já ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí lóru ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 1863. Lincoln ní kí wọ́n lé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n jọ ń jagun. Kánádà ló wà tó fi du ipò gómìnà Ohio lọ́dún yẹn, ó fìdí rẹmi.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló pa á o.

Lọ́dún 1871, ó ń gbẹjọ́rò fún Thomas McGehan, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó yìnbọn pa Tom Myers nínú ìjà ilé ọtí. Vallandigham ní rárá, Myers fúnra ẹ̀ ló ń fa ìbọn ìléwọ́ yọ lápò nígbà tó ń dìde lórí ìkúnlẹ̀, tó fi bà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé gbà gbọ́. Àkọ̀ ìbọn tó dáa máa ń bo ibi tí ìka ti ń fà á, àmọ́ nínú àpò lásán, aṣọ lè kọ́ ọ, kó sì yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí àwọn tó ń ki ìbọn bọ ìbàdí nínú fíìmù, ẹ má fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ó ti lọ yin ìbọn kan sára aṣọ, kó lè rí bí ẹ̀tù ṣe ń jó o. Ọta ṣì kù nínú ẹ̀. Lọ́yà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan ní kó má fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò gbà. Nígbà tó dé yàrá ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì nílùú Lebanon, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn mìíràn tí kò lọ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fẹ́ẹ́ ṣàfihàn bí Myers ṣe ṣe é fáwọn lọ́yà yòókù, èyí tó lọ́ta lọ́wọ́ ẹ̀ bà. Ó kì í bọ àpò, ó fà á yọ, àfi gbàù! Ikùn ẹ̀ lọta wọ̀.

Ọjọ́ kejì ló kú, lẹ́ni 50 ọdún. Ẹjọ́ náà ṣì falẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, kóòtù dá McGehan sílẹ̀.