Alec Reeves, ọkùnrin tó sọ ohùn di nọ́ńbà

Orúkọ Alec Harley Reeves kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa ọmọ Kétu, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn láti Odomẹta títí dé Kútọnu. Ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ orin, àti ẹni tó ń wá ẹ̀rọ orin tí yóò bá etí rẹ̀ mu, ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí dá ní ìlú Paris ní ọdún 1937 ni àwọn méjèèjì ń lò. Ìgbésí ayé rẹ̀ lè kọ́ wa ní ibi tó yẹ kí á ná owó wa sí, àti ibi tí kò yẹ.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1902 ni a bí i ní Redhill, ní gúúsù London. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní London, nígbà tó sì di ọdún 1923, ó wọ ilé-iṣẹ́ International Western Electric, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ilé-iṣẹ́ ITT ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, Reeves bọ́ sí ibi ìwádìí wọn ní Paris.

Ìṣòro kan ló ń kojú àwọn onímọ̀ tẹlifóònù nígbà náà. Bí ohùn bá ti ń rìn jìnnà nínú wáyà ni agbára rẹ̀ ń dín kù, wọ́n sì ní láti to àwọn ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè sí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo: bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ sókè ni ó ń gbé ariwo sókè. Bí ọ̀nà bá gùn, ariwo a fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu a máa yí padà lọ́nà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so mọ́ okùn, bó tilẹ̀ dọ̀tí lójú ọ̀nà, mẹ́fà náà ni ẹni tó gbà á yóò kà, yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Irú ọgbọ́n yìí ni Reeves lò. Ó ní kí a wọn ohùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí a sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, kí a sì fi àmì ránṣẹ́ dípò ohùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀nà kò ní ju pé kó wo bóyá àmì wà tàbí kò sí, kí ó sì ṣe òmíràn tó mọ́ ránṣẹ́ síwájú. Báyìí ni a ṣe fi ariwo sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbé ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba Faransé ní ọdún 1938. Amẹ́ríkà fún un ní tirẹ̀ ní 1942.

Ayé kò tíì ṣe tán láti lò ó. Láǹpù onígíláàsì tí wọ́n ń lò nínú rédíò nígbà náà tóbi, ó wọ́n, ó sì ń jẹ iná. Ọdún 1947 ni transistor tó dé, ọdún 1962 sì ni ilé-iṣẹ́ Bell gbé ètò náà sórí wáyà tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀tọ́ ọdún 17 tí ìwé Amẹ́ríkà fún un ti parí ní 1959. Ẹni tó gbin igi kọ́ ló jẹ èso rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì súnmọ́ Paris ní 1940, Reeves sá padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni òun àti F. E. Jones ti ṣe ètò Oboe, tó fi rédíò tọ́ àwọn ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù sọ́nà. Lẹ́yìn ogun, ó darí ìwádìí lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè gbé ọ̀rọ̀, ní ilé ìwádìí STL ní Harlow, níbi tí Charles Kao, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009, ti ṣiṣẹ́ lórí okùn onígíláàsì. Reeves kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ọdún 11 lẹ́yìn náà ni àwo CD jáde fún títà ní Japan.

Kí ni ìtàn yìí wí fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ? Tẹlifóònù ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, CD ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100. Ìdí kan nìyẹn tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fi ń gbẹ lórí tẹlifóònù tó sì ń tàn lórí CD. Ẹ̀rọ tí ń sọ nọ́ńbà padà di ohùn, tí a ń pè ní DAC, kò sí fún dídùn. Kí ó dá ohun tí a fi pamọ́ padà láìyẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín àwọn tí a ṣe dáadáa, ìyàtọ̀ tí etí lè gbọ́ kò tó nǹkan, bí iye owó wọn tilẹ̀ jìnnà síra. Préampli, tó ń kọ́kọ́ gbé ohùn tí kò lágbára sókè, ni ìfẹ́-inú ti lè wọlé. Àwọn kan fẹ́ràn èyí tó ní láǹpù, nítorí adùn díẹ̀ tó máa ń fi kún ohùn. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ohùn mọ́ gaara. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Kí olúkúlùkù fi orin tó mọ̀ dunjú dán wọn wò, kí ariwo méjèèjì sì dọ́gba, nítorí èyí tó pariwo jù a máa tan etí jẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà Odomẹta tàbí orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ní láti ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kò mọ irọ́ pa. Bí maikirofóònù àti préampli bá ti fi ariwo kún ohùn, ariwo náà ni yóò kà pẹ̀lú òótọ́, yóò sì pa á mọ́. Ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé ni kí ó kọ́kọ́ náwó sí, kí ohùn arúgbó tí a kò ní rí gbà lẹ́ẹ̀kejì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ní pípé.